RAV4 tòkunbọ̀: plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà àbí V6?

Ẹni tó bá fẹ́ ra RAV4 tòkunbọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi dílà ni pé "plọ́ọ̀gì mélòó ni?", tó bá sì ti gbọ́ V6 (plọ́ọ̀gì mẹ́fà nìyẹn) báyìí, ó ti yí padà nìyẹn, ó ní epo ò ní jẹ́ kóun rówó jẹun. Ìbéèrè yẹn ò burú o, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọdún mọ́tò ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, torí RAV4 tó jáde láti 2006 dé 2012 yẹn, èyí tó kún ìgboro, ara kan náà ni gbogbo wọn gbé wọ̀ àmọ́ ẹ́ńjìnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn (ti Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, torí òun ló pọ̀ jù lọ́jà wa).

2006 sí 2008, ẹni tó bá ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.4 ló rà (lítà tí ẹ́ńjìnì fi tóbi nìyẹn), àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní 2AZ. Nígbà tó di 2009 Toyota yọ ìyẹn kúrò, wọ́n fi 2.5 sí i, 2AR, plọ́ọ̀gì mẹ́rin lòun náà. V6 tiẹ̀ ò yí padà ní tiẹ̀, 3.5 ni, 2GR, òun ló wà níbẹ̀ láti 2006 títí dé 2012. Tá a bá ní ká sọ ti agbára, 2.4 ní 166 horsepower, 2.5 ní 179, V6 ní 269, ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gíà mẹ́rin ni plọ́ọ̀gì mẹ́rin ní, V6 ní márùn-ún. Chain ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, kò sí timing belt tó lè já níbẹ̀, ìyẹn ti mú orí fífọ́ kan kúrò.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni 2.4 yẹn. Ó máa ń mu ọ́ìlì. Kì í ṣe pé ó ń jò sílẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí i lábẹ́ mọ́tò láàárọ̀ o, inú ẹ́ńjìnì ló ti ń jó o. Ring tó yẹ kó máa fá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà sílẹ̀ lára piston níbẹ̀ máa ń dí, ọ́ìlì á wá ṣẹ́ kù sókè, á máa bá epo jóná pọ̀. Toyota fúnra wọn mọ̀, wọ́n sún wáráńtì síwájú fún àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pààrọ̀ piston àti ring fáwọn tí tiwọn ń mu ún kọjá bó ṣe yẹ, àmọ́ wáráńtì yẹn ti kú tipẹ́, kò sì dé Berger rí. Camry Muscle 2007 sí 2009 tó jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnì yìí náà ló wà nínú ẹ̀, ẹ bi àwọn tó lò ó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é ṣá, mo ti rí 2.4 tó mọ́ tónítóní tí kì í bèèrè nǹkan kan láàárín sáfíìsì kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò lẹ́ máa ṣe, kì í ṣe àdúrà.

Dílà náà mọ àrùn yìí o, á ti da ọ́ìlì tó nípọn sí i, 20W-50, kó lè bo èéfín mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà ẹ pè é kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní kó má tan mọ́tò dè yín. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó kí ẹnikẹ́ni tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ a jẹ́ pé ó ti tan án, ẹ jókòó dè é kó tutù tàbí kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á, kẹ́ ẹ wo ibi tó dé. Ẹ ṣí ìdérí tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú ẹ̀, irin ibẹ̀ tó bá jẹ́ àwọ̀ oyin kò séwu, tó bá dúdú tó sì ki mọ́ra wọn a jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ẹ wá tan án, ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnì kan lọ dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ǹsà, kí ẹlòmíì wá tẹ throttle lójijì. Èéfín funfun díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde nígbà tó tutù tó sì pòórá, omi lásán nìyẹn, èyí tó bá ní búlúù lára tó ń ta sánsán, tí kò tètè lọ, ọ́ìlì ni, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, èyí tó bá ti tutù fún ọ́ìlì tàbí tó hu èédú ti jẹ́rìí sílíńdà tó wà.

2.5 ti 2009 lọ sókè, òun ni màá ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Agbára ẹ̀ ju 2.4 lọ, kò gba epo jù ú lọ, àrùn ọ́ìlì yẹn ò sì bá a wáyé. Ohun tí mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ò ju pé water pump lè máa rin omi lọ, àti pé tẹ́ ẹ bá tan án láàárọ̀ ó lè hu "krrr" fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dákẹ́, gíà VVT-i (èyí tó ń yí àsìkò tí valve ń ṣí padà) ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní dá yín dúró lójú ọ̀nà àmọ́ ẹ fi já owó mọ́tò wálẹ̀.

Ó wá ku V6 tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ epo yẹn ná. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn bí mọ́tò ṣe ń jẹ epo, wọn RAV4 2009 tí kì í ṣe 4WD (tí ẹ́ńjìnì kì í fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), 2.5 ń rin máìlì 22 lórí gálọ̀nù kan nínú ìgboro, V6 ń rin 19, tó bá di express 28 sí 27 ni, ẹ gbọ́ o, máìlì kan péré. Tẹ́ ẹ bá sọ ti ìgboro di tiwa, lórí kìlómítà 100 V6 á fi bíi lítà kan àti ààbọ̀ sí méjì jù ú lọ. Ẹni tó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù á ra bíi lítà 17 lé, tí lítà bá jẹ́ ₦900 ìyẹn ò jìnnà sí ₦15,000. Nígbà tí lítà kan ò tíì tó ₦200, kí wọ́n tó yọ subsidy ní 2023, a ò bá má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ní báyìí owó ni. Ẹni tó ń lọ láti Ìkòròdú sí Island lójoojúmọ́, tó ń sùn tó ń jí nínú go-slow, á san jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ìdílé lọ sí Èkìtì lópin ọ̀sẹ̀, èèyàn márùn-ún, ẹrù kún bọ́ọ̀tù, AC ń ṣiṣẹ́, tó wá ń gun òkè, tó ń bá tírélà fà á lọ́nà Iléṣà, V6 á ṣe é lóore, kò ní máa ké.

Ibi tí V6 ti ń gba owó tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni sáfíìsì. Ọ́ìlì 2.4 kò ju lítà 4.3 lọ, gálọ̀nù lítà mẹ́rin àti díẹ̀ lé, V6 gba bíi mẹ́fà. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà, coil mẹ́fà, nọ́sù mẹ́fà, mẹ́ta nínú plọ́ọ̀gì yẹn sì wà lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú manifold òkè kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, owó iṣẹ́ ẹ̀ yàtọ̀, àwọn mẹkáníìkì kan á sì pààrọ̀ mẹ́ta iwájú kí wọ́n gba owó mẹ́fà lọ́wọ́ yín, ẹ dúró tì wọ́n. Ti pátì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín, ẹ́ńjìnì yìí kan náà ló wà nínú Highlander V6 2008, Sienna àti RX350, ó kún Ládípọ̀, ó kún Àràròmí ní Agodi Gate n'Íbàdàn.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wò lára V6 tó pẹ́ díẹ̀. Páìpù kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, àwọn àkọ́kọ́ ní hósì rọ́bà láàárín irin méjì, rọ́bà yẹn máa ń gbẹ, á sì bẹ́ lójijì, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì á tú dà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì ń wa á lọ nígbà tí iná ọ́ìlì ti tàn, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn. Toyota ṣe páìpù irin gbogbo ẹ̀ láti fi pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí chain wà, tó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, ẹ ra èyí tó jẹ́ irin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e rìnrìn àjò, owó ẹ̀ ò tó owó ẹ́ńjìnì.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu dílà gbọ́ lórí irú ẹ́ńjìnì tó jẹ́, àmì V6 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀tù, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, tó wà lábẹ́ wíńdískíríìnì níwájú dírẹ́bà. Lẹ́tà karùn-ún ni kẹ́ ẹ wò: D ni 2.4, F ni 2.5, K ni V6. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTMZD, 2.4 nìyẹn, JTMBK, V6 ni. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Tí VIN bá ní K tẹ́ ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá plọ́ọ̀gì mẹ́rin níbẹ̀, wọ́n ti ṣe convert, ìyẹn ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀ sí irú mìíì, ẹ sáré. Wáyà á ti dàrú, brain box á máa bá gíà jà, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà lè má bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnì mu mọ́. Ẹ fi sìkánà sí i pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo bóyá gbogbo monitor (àyẹ̀wò tí brain box ń ṣe fúnra ẹ̀) ti ready, ìyẹn ni pé wọ́n ti parí, tí wọn ò bá tíì ready a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa code (àmì àléébù tí brain box kọ sílẹ̀) rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.

Ẹni tí ò fẹ́ RAV4, CR-V 2007 sí 2011 ti Amẹ́ríkà kò ní V6 rárá, 2.4 kan ṣoṣo ni, 166 horsepower títí dé 2009, 180 láti 2010, ẹ ò ní yàn. Tucson 2005 sí 2009 ní 2.0 àti 2.7 V6, àmọ́ àwọn méjèèjì ló ń lo timing belt o, belt yẹn bá já, ó lè tẹ valve, nítorí náà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ yọ owó belt àti owó iṣẹ́ ẹ̀ kúrò nínú iye tí dílà ń pè kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.