Mọ́tò gíláàsì tí wọ́n ní ó ti kú

Òjò ká mi mọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Mo tẹ bọ́tìnnì gíláàsì ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, gíláàsì ń wọ́ bí ìgbín, ó dé ìdajì, ó dúró pa. Kí n tó dé Bódìjà, aṣọ ọrùn mi ti rin gbingbin.

Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo gbé Camry 1999 mi lọ bá kò tú nǹkan kan wò. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré inú ilẹ̀kùn tó ń gbé gíláàsì, ti kú. Mo lọ ra tòkunbọ̀ ní Gate, ₦17,000. Owó iṣẹ́, ₦5,000. Ó dè é tán, gíláàsì ṣì ń wọ́. Ó ní kí n máa lò ó bẹ́ẹ̀, ṣebí ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tú ilẹ̀kùn náà fúnra mi. Títú rẹ̀ kò le. Gíláàsì mẹ́ta yòókù ń sáré, nítorí náà kì í ṣe bátìrì. Mo fi mítà wọn iná tó ń dé ẹnu mọ́tò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: fóòtì (volt) 13.4. Iná pé. Mo wá tú gíláàsì kúrò lára irin tó ń gbé e, mo tẹ bọ́tìnnì, irin náà fò sókè wìì! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé gíláàsì, kò ṣeé gbé. Inú rọ́bà tó ń gbà kọjá ló há sí.

Rọ́bà yẹn fojú mi rí nǹkan. Ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i rí, eruku pupa ìlú wa sì ti pò mọ́ ọn, ó ki bí ọ̀dà. Mo wé àkísà mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, dúdú ń jáde. Mo tún fọ̀ ọ́, dúdú ṣì ń jáde. Ilẹ̀ ṣú bá mi. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà iwájú mọ́, ti ẹ̀yìn kò mọ́, nítorí rọ́bà ibẹ̀ ti yọ kúrò nínú irin rẹ̀ lókè, ó ká jọ. Ìka mi bó kí n tó tẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tó gbẹ, mo fín silicone, èyí tó ń mú rọ́bà yọ̀, sí i. Ẹ má da ọ́ìlì tàbí gíríìsì síbẹ̀ o! Wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ wọn. Kí ẹ tó tú gíláàsì, ẹ fi téèpù dì í mọ́ òkè ilẹ̀kùn kó má já lulẹ̀. Ẹ má sì fa náílọ̀n inú ilẹ̀kùn ya, òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé.

Mo dá mọ́tò àtijọ́ padà síbẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó ti kú. Gíláàsì gòkè dé òkè pátápátá, kò dúró lọ́nà. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Mo gbé tòkunbọ̀ náà padà sí Gate. Ẹni tó tà á fún mi ní ọjà tí wọ́n bá ti dè mọ́ ọkọ̀, òun kì í gbà á mọ́. Ó wà nínú búùtù mi báyìí.