Tekken 3 kò yá mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí géèmù tó ń falẹ̀

Ọdún 1997 ni Namco gbé Tekken 3, géèmù ìjà, sínú ẹ̀rọ arcade, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tí wọ́n máa ń sọ owó ẹyọ sí. Nígbà tó di 1998, ó wọ PlayStation, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n: ṣọ́ọ̀bù géèmù, bẹ́ǹṣì gígùn, ẹni bá fìdí rẹmi kó dìde fún ẹlòmíì. Ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù lórí rẹ̀ báyìí kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe máa ń rí. Mo kó díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé Tekken 3 sórí kọ̀ǹpútà, DuckStation, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣe bíi PlayStation, ni mo fi ń gbá a. Àwòrán mọ́, ohùn já gaara, àmọ́ ṣe ni Jin, oníjà tí mo ń lò, ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe jákujàku, géèmù ńláńlá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí ni kí n yí padà?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Géèmù fúnra rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Oríṣi mẹ́ta ni Tekken 3 ti PlayStation: ti Japan, ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù. Ti Japan àti ti Amẹ́ríkà ń gbé àwòrán 60 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Yúróòpù ń gbé 50, nítorí pé PAL, ìlànà àwòrán oní-50, ni tẹlifíṣọ̀n wọn ń lò nígbà náà, bíi tiwa ní Nàìjíríà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: géèmù yìí kì í fi aago ka àkókò, iye àwòrán ló ń kà. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré tó bá gba àwòrán mẹ́wàá kó tó balẹ̀, àwòrán mẹ́wàá náà ni yóò gbà níbikíbi. Lórí 60, ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Lórí 50, ó di ìdá kan nínú márùn-ún. Ìjà tó yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú àáyá 60 yóò wọ́ dé 72. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ níbẹ̀. Onílù ló fa ìlù sẹ́yìn. Oníjó tó ti mọ ìlù àtijọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣáájú. Ẹni tó ti há kọ́mbò Paul sórí láti kékeré, ìyẹn ìkọlù mẹ́wàá tí oníjà náà ń ṣe léraléra, ló máa ń kọ́kọ́ fura, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti tẹ bọ́tìnnì kẹrin tán kí géèmù tó ṣe tán láti gba ẹ̀kẹta.

Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, wo lẹ́tà mẹ́rin tó ṣáájú nọ́ńbà géèmù náà, yálà lára dísìkì tàbí nínú àkójọ géèmù tí DuckStation ń gbé síwájú rẹ. SLUS ni ti Amẹ́ríkà, SLPS ni ti Japan, SCES ni ti Yúróòpù. O sì lè ní kí DuckStation máa fi iye àwòrán hàn ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá rọ̀ mọ́ 50 láìkúrò níbẹ̀, ọ̀ràn ti yé ọ. Bó bá jẹ́ 60 ló yẹ kó wà, tó wá ń já sí 43, tó ń gòkè, tó ń sọ̀, ìgbà yẹn ni kí o tó mú kọ̀ǹpútà rẹ lẹ́jọ́.

Àwọn kan á ní kí o gbé ìyára DuckStation sí 120%. Ìjà á yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin àti ohùn náà á máa sáré lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wá dísìkì Amẹ́ríkà, kí o sì gbàgbé ìyẹn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi, ọmọ mi tó wà ní London fi PlayStation Classic kékeré yẹn ta mí lọ́rẹ. Tekken 3 wà nínú rẹ̀, inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbá ní ṣọ́ọ̀bù ní 1999 yá ju èyí lọ. Ṣé ojú mi ló ti ń dàgbà ni?

Ìdáhùn: Ojú yín ò dàgbà, sà. Ẹ ríran dáadáa. Oṣù Kejìlá 2018 ni Sony gbé PlayStation Classic jáde pẹ̀lú géèmù 20. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ti Yúróòpù tó ń rìn lórí 50 ni wọ́n kó síbẹ̀, Tekken 3 sì wà lára wọn. Kódà èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lo PAL rí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tèmi ni pé nínú gbogbo géèmù tó yẹ kí èèyàn fi 50 jẹ níyà, ti ìjà ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ti ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí ẹ sì rántí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dísìkì Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí PlayStation tí wọ́n ti jó chip mọ́ nínú kó lè gba dísìkì àdàkọ. Dísìkì ló ń pàṣẹ iye àwòrán fún PS1 (PlayStation àkọ́kọ́), nítorí náà, ẹ ti ń gbá 60 lọ́jọ́ yẹn láìmọ̀.

Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bí ẹ bá ki kíbọ́ọ̀dù oní-USB bọ inú rẹ̀, tí ẹ tẹ Esc lórí rẹ̀ nígbà tí géèmù ń lọ, mẹ́nù kan tó fara pamọ́ máa ń yọ, ẹ sì lè yí PAL sí NTSC, ìlànà oní-60 ti Amẹ́ríkà àti Japan, níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe é. Bí tilé bá kọ̀, ẹ yá ti aládùúgbò.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò wa sọ pé iná NEPA ló ń mú un falẹ̀, pé 50 ni iná tiwa, 60 ni ti Amẹ́ríkà. Ó ní kí n ra ẹ̀rọ kan tó máa yí i padà.

Ìdáhùn: Tọ́jú owó rẹ. Crystal kékeré kan wà nínú PlayStation tó ń pín àkókò fún un. Kò bìkítà bóyá NEPA lò ń lò tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Bí iná bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ á kú ni, kò ní falẹ̀.

Ohun kan wà tí iná lè ṣe sí i o. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe PlayStation Amẹ́ríkà fún, 100 ni ti Japan, tiwa sì jẹ́ 230. Bó bá jẹ́ irú wọn ni ẹnìkan kó bọ̀ fún ọ, má kì í bọ iná láìsí stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù. Ìgbà kan ṣoṣo ló máa tàn.

Ìbéèrè: Mo rí dísìkì Amẹ́ríkà, ó sì ti yá wàyí! Ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ló ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Irun Xiaoyu dúdú, ìyẹn ò dùn mí, àmọ́ Eddy, oníjà mìíràn, ti sọ gbogbo àwọ̀ rẹ̀ nù.

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ rẹ ti gba 60, tẹlifíṣọ̀n rẹ ni kò lóye bó ṣe ń fi àwọ̀ ránṣẹ́. Wọ mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n, wá ibi tí wọ́n kọ Colour System sí. Bó bá wà lórí PAL, gbé e sí Auto. Bí Auto ò bá mú un, dán NTSC 3.58 àti NTSC 4.43 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa wo ojú Eddy. Tẹlifíṣọ̀n tó ní ihò SCART, wáyà RGB máa ń yanjú rẹ̀ pátápátá, torí wáyà yẹn ń gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Tèmi yàtọ̀ o. Ó ń sáré bó ṣe yẹ, mo ti wò ó, 60 ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ó dà bíi pé Jin ń ronú kó tó dáhùn. Ẹ̀ṣẹ́ mànàmáná rẹ̀ ò jáde rárá mọ́.

Ìdáhùn: Èyí kì í ṣe ìfalẹ̀, ìdádúró ni, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dà wọ́n pọ̀. Nínú ìfalẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń wọ́, títí kan aago tó wà lókè. Nínú ìdádúró, ìjà ń lọ geerege, àmọ́ ohun tí ò ń wò ti ṣẹlẹ̀ kọjá kí o tó rí i. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ó máa ń gba àwòrán, á tún un ṣe, á kùn ún lẹ́wà, kó tó gbé e jáde. Bó bá fi àwòrán márùn-ún péré pẹ́, ó ti tó láti ba tìrẹ jẹ́.

Wo ohun tí ẹ̀ṣẹ́ mànàmáná Jin ń béèrè: tẹ iwájú, jọ̀wọ́ rẹ̀, tẹ ìsàlẹ̀, yí i sí ìsàlẹ̀-iwájú, kí ìka tó wà lórí bọ́tìnnì onígun mẹ́ta sì balẹ̀ nínú àwòrán kan náà gan-an tí ìsàlẹ̀-iwájú wọlé. Ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá ni àyè tó wà fún ọ. Bó bá bọ́ sí i, iná búlúù á bù yẹ̀rì lára ọwọ́ rẹ̀. Bí o bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ náà á jáde, àmọ́ kò ní sí iná. Ìka rẹ lè má ṣàṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n ojú rẹ ló ń bá ìka sọ̀rọ̀, ojú sì ń gba ìròyìn àná.

Kọ́kọ́ wọ sẹ́tíǹgì tẹlifíṣọ̀n, tan Game Mode. Yọ gbogbo ohun tó ń mú àwòrán dán tàbí tó ń mú un rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o bá ń lo àpótí kékeré tó ń yí wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò sí HDMI, òun náà lè máa jẹ nínú àkókò rẹ. So wáyà mẹ́ta yẹn tààrà bí tẹlifíṣọ̀n bá ní ihò wọn. Páàdì oní-Bluetooth náà, fi wáyà sí i. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀gá gbogbo wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀kan bá wà ní yàrá ìyá rẹ, tí ẹ ń gbé aṣọ lé lórí, bẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè: PS1 mi máa ń há kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dojú rẹ̀ délẹ̀, á ṣiṣẹ́. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àwọn PS1 àkọ́kọ́, irú SCPH-1001 àti 1002, ojú iná tó ń ka dísìkì wọn ń rìn lórí ọ̀nà oníke, ó sì sún mọ́ ibi tí iná ń gbà wọlé. Ooru ń mú un, ike á jẹ, ojú iná á tẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, á tún jókòó síbi tó yẹ. Ó ń ràn án lọ́wọ́ ni, kò wò ó sàn. Nu dísìkì láti àárín lọ sí etí, má nù ún yípo, kí o sì wá ojú iná mìíràn fún un.

Ìbéèrè: Tekken 3 orí fóònù mi, MB díẹ̀ ni. Fíìmù ìparí kò sí níbẹ̀. Ṣé mo lè ṣí i?

Ìdáhùn: Rárá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB ni dísìkì náà. Ẹni tó fún un pọ̀ títí tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ti gé nǹkan kúrò, kọ́kọ́rọ́ kan ò sì lè ṣí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èyí lórí PlayStation ni. Ti arcade gan-an ńkọ́? Ṣé òun náà ní 50?

Ìdáhùn: Rárá, 60 ni tirẹ̀. System 12 ni Namco pe pátákó inú ẹ̀rọ náà, ìbátan PlayStation ni, ṣùgbọ́n ó lágbára jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn pápá ìjà fi ní ìjìnlẹ̀ lórí arcade, tí wọ́n sì sọ ọ́ di àwòrán pẹlẹbẹ nígbà tí wọ́n ń kó o wá sílé. Bí o bá ń lo MAME, ètò tó ń gbá géèmù arcade lórí kọ̀ǹpútà, fi fáìlì zip géèmù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, má tú u. Bí ẹ̀dà MAME rẹ àti fáìlì kò bá bára mu, á máa kọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù wà fún ẹni tó ní PS2. Tekken 5, tó wọ PS2 lọ́dún 2005, ní Tekken 1, 2 àti 3 ti arcade nínú, lábẹ́ Arcade History. Kàn má wá àwọn oníjà Gon àti Dókítà Bosconovitch níbẹ̀, àti àwọn oríṣi eré Tekken Ball àti Tekken Force pẹ̀lú. Ìgbà tó wọ PlayStation ni wọ́n fi gbogbo ìyẹn kún un.