Dípúlómà IB: Ìlànà fún Òbí àti Ọmọ Èkìtì Tó Fẹ́ Kà Á Kí Ó Tó Wọ Yunifásítì

Ìdánwò WAEC ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà pé àwọn lè rọra ṣe ní SS1 àti SS2, kí àwọn wá gbájú mọ́ ìwé nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tó bá gbé àṣà yìí wọnú ètò dípúlómà IB, ìyẹn International Baccalaureate, yóò jìyà. Iṣẹ́ tí kò ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ lè gba ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó fojú kan ìbéèrè ìdánwò kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin òbí ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé àti níbi gbogbo mọ bí ètò náà ṣe ń rìn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.

Ìlú Geneva ní Switzerland ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ọdún méjì gbáko ni, fún ọmọ ọdún 16 sí 19. Ọmọ kì í dúró sí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì nìkan tàbí ẹgbẹ́ áàtì nìkan bí a ṣe ń ṣe ní SS. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni yóò kà pọ̀: èdè tó gbọ́ dáadáa pẹ̀lú lítíréṣọ̀, èdè mìíràn tó ń kọ́, ẹ̀kọ́ àwùjọ kan bí Ìtàn tàbí Ẹkọnọ́míìsì, sáyẹ́ǹsì kan, ìṣirò, àti iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí kò bá fẹ́ iṣẹ́ ọnà lè fi sáyẹ́ǹsì kejì tàbí ẹ̀kọ́ àwùjọ kejì dí àyè rẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò jẹ́ HL, ìyẹn èyí tó jinlẹ̀, tí wọ́n ń fi wákàtí 240 kọ́. Mẹ́ta tó kù jẹ́ SL, ìyẹn èyí tí kò jinlẹ̀ tó HL, wákàtí 150 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ẹnì kan lọ gba fọ́ọ̀mù IB fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń gba ti GCE. Ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ IB fún láṣẹ nìkan ló lè fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́. Ẹ lọ sí ibo.org, kí ẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá DP, ìyẹn ètò dípúlómà yìí gan-an, ni wọ́n kọ sí i. PYP jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké, MYP sì jẹ́ ti àwọn tó wà láàárín. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní PYP lè má ní DP rárá. Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣì ń tọrọ àṣẹ kò tíì lè fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún ìdánwò, bó ti wù kí pátákó rẹ̀ tóbi tó.

Ó ṣeé ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ náà jìnnà sí ilé, kí ọmọ ní láti gbé nínú bọ́dìn. Ẹ béèrè iye owó bọ́dìn, kí ẹ sì béèrè owó ìdánwò lọ́tọ̀, nítorí kì í sábà sí nínú owó ilé ìwé. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni àjọ náà ń gbà, nítorí náà iye tí ẹ gbọ́ lónìí ní náírà lè yàtọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú orúkọ gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní olùkọ́ HL fún. Ọmọ tó fẹ́ Físíìsì HL tí kò rí olùkọ́ rẹ̀ ti ṣe àṣìyàn ilé ìwé.

Yíyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kí ẹ máa rìn bọ̀ sẹ́yìn. Kí ni kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ ń béèrè? Ẹni tó fẹ́ ṣe ìmọ̀ ìṣègùn nílò Kẹ́mísírì HL àti Bàyọ́lọ́jì HL. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: lọ́nà tó wọ́pọ̀, sáyẹ́ǹsì méjì péré ló lè wọ inú dípúlómà, nígbà tí àwọn yunifásítì wa ń béèrè Físíìsì pẹ̀lú àwọn méjèèjì yìí fún ìmọ̀ ìṣègùn. Krẹ́díìtì Físíìsì nínú WAEC gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ IB. Ilé ẹ̀kọ́ lè tọrọ ìyọ̀ǹda pàtàkì lọ́wọ́ àjọ náà fún sáyẹ́ǹsì kẹta, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ọkàn sí i.

Ìṣirò pín sí ọ̀nà méjì. AA (Analysis and Approaches) jẹ́ ti ẹni tó ń lọ síbi ẹ̀kọ́ ẹnjinníà, físíìsì tàbí ìṣirò fúnra rẹ̀. AI (Applications and Interpretation) jẹ́ ti ẹni tí yóò máa fi ìṣirò yẹ dátà wò nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹnjinníà kò gba AI SL. Ọmọ tó yàn án nítorí pé ó rọrùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan.

Fún èdè kejì, Faransé ab initio dára fún ẹni tí kò kọ́ Faransé rí. SL nìkan ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọmọ tó ti ń ṣe Faransé láti JSS1 kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì yẹn. Faransé B ni tirẹ̀.

Àròkọ gígùn

Yàtọ̀ sí sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ohun mẹ́ta pọn dandan: àròkọ gígùn tí wọ́n ń pè ní EE, ẹ̀kọ́ TOK tó dá lórí bí a ṣe ń mọ nǹkan, àti CAS, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ìwé kíkà. EE ló ń gba agbára jù. Àròkọ ìwádìí ni, tí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 4,000 lọ, lórí ìbéèrè tí ọmọ yàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọ 4,600, olùyẹ̀wò yóò dá kíkà dúró níbi 4,000. Tí ìparí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́yìn ibẹ̀, bí ẹni pé kò kọ ọ́ ni.

Ìbéèrè tó fẹ̀ jù ló ń ba EE jẹ́. “Omi gbígbóná Ìkógòsì” kì í ṣe ìbéèrè, orúkọ ibi kan ni. Ṣùgbọ́n “Báwo ni ooru omi gbígbóná Ìkógòsì ṣe ń dín kù láti orísun rẹ̀ dé ibi tó ti pàdé omi tútù, kí ló sì ń fà á?” ṣeé ṣe. Ọmọ lè gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ibẹ̀, kí ó fi tẹmómítà wọn ooru ní gbogbo mítà mẹ́wàá, ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ojúkan, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ó kọ ooru afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi dá ara rẹ̀ láre bí nọ́ńbà kan bá ṣe ségesège. Nínú Ìtàn, ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, gbòòrò ju ọ̀rọ̀ 4,000 lọ. Ipa tí ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ará Èkó fi ránṣẹ́ kó nínú bí apá Ìbàdàn kò ṣe ká Èkìtì Parapọ̀ mọ́ gba inú rẹ̀ dáadáa. Ọmọ Èkìtì ní àǹfààní ńlá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé, kí ó lò ó.

Kí ọmọ yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti olùtọ́ni ní nǹkan bí oṣù Kìn-ín-ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó ṣe ìwádìí kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó dé, kí ó sì fi ìsinmi náà kọ ọ́ délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìlànà gba olùtọ́ni láyè láti ka àròkọ náà látòkè délẹ̀ kí ó sì sọ ohun tó kù síbẹ̀. Ẹni tó fi àbọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ti lo àǹfààní yẹn dànù.

Kí ọmọ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ onílàákàyè bíi ChatGPT kọ ọ́, kí ó má sì da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láìsọ ibi tó ti rí i. Wọn yóò fagi lé iṣẹ́ náà, kò sì ní gba dípúlómà. Kí ó tọ́jú ìwé tó fi kọ nọ́ńbà sílẹ̀ àti gbogbo ẹ̀dà àròkọ náà. Kí ó ní ẹ̀dà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí iná lè lọ, kọ̀ǹpútà sì lè kú.

TOK, CAS àti iṣẹ́ inú kíláàsì

TOK ń kọ́ ọmọ láti béèrè bí a ṣe mọ ohun tí a sọ pé a mọ̀. Àròkọ ọ̀rọ̀ 1,600 kan wà níbẹ̀, àti àfihàn nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú àlàyé tí kò ju ọ̀rọ̀ 950 lọ. Nǹkan pàtó ni wọ́n ń fẹ́. Fọ́tò ìkòkò lásán láti orí Google kò níye lórí tó ìkòkò amọ̀ kan tí wọ́n mọ ní Ìsàn-Èkìtì, tí a mọ ẹni tó ni ín àti ohun tó ń fi í ṣe.

CAS gba oṣù 18, kò sì ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò parí rẹ̀ kò ní dípúlómà. Ẹ̀ka mẹ́ta ni: iṣẹ́ ọgbọ́n inú, eré ìdárayá, àti ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ. Ó kéré tán, iṣẹ́ àkànṣe kan gbọ́dọ̀ gba oṣù kan. Kíkọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà nígbà ìsinmi dára. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún kò wọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà tí ọmọ bá ṣe nǹkan ni kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Àwọn tó ń gbìyànjú láti rántí oṣù 18 ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kì í rí i kọ.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tún ní iṣẹ́ tí olùkọ́ máa ń gba wọlé kí ìdánwò tó dé. Nínú sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Bí máàkì ṣe ń lọ

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gba 1 sí 7. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 42. EE àti TOK lè fi 3 kún un, ó di 45. Ó gbọ́dọ̀ tó 24 kí ọmọ tó yege, ṣùgbọ́n 24 nìkan kò tó. Àwọn HL mẹ́ta gbọ́dọ̀ tó 12, àwọn SL mẹ́ta gbọ́dọ̀ tó 9. Kò gbọ́dọ̀ sí 1 níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni E, máàkì tó kéré jù, nínú EE tàbí TOK máa ń gba dípúlómà lọ, bí ìyókù tilẹ̀ dára.

WAEC àti JAMB

Kí ọmọ má ṣe fi WAEC tàbí NECO sílẹ̀. Yunifásítì wa, ì báà jẹ́ EKSU ní Adó, FUOYE ní Ọ̀yẹ́ tàbí ABUAD, yóò ṣì béèrè krẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn bóyá wọ́n ń fi IB gba ọmọ ní Direct Entry fún kọ́ọ̀sì náà gan-an, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ pẹ̀lú: láìpẹ́ yìí, ìparí oṣù Kẹrin ni UTME máa ń bọ́ sí, àkókò kan náà tí ìdánwò IB ń bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù Keje ni èsì máa ń jáde, PIN tí kóòdínétọ̀ ilé ìwé fún ọmọ ni yóò sì fi wò ó. Bí máàkì kan bá kù díẹ̀ káàtó, ilé ìwé lè ní kí wọ́n tún ìwé náà wò, owó sì wà lórí rẹ̀. Máàkì náà lè gòkè, ó sì lè wálẹ̀, nítorí náà kí ọmọ gbọ́ ìyẹn yékéyéké kí ó tó fọwọ́ sí i.