Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹbí Bá Ń Wá Àdúgbò ní Òṣogbo

Àwọn tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá, àwọn tí yunifásítì gbà síṣẹ́, àwọn tí owó ilé Èkó ti sú, àwọn tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n sì fẹ́ sún mọ́ ilé: onírúurú ẹbí ló ń kó ẹrù wọ Òṣogbo. Èyí tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wọn ló ń sanwó ilé kí wọ́n tó mọ àdúgbò. Ajẹ́ńtì fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n rí táìsì tó ń dán, wọ́n rí àjà funfun báláú, wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ilé ṣeé tún ṣe. Èèyàn lè kùn ún, ó lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn, ó lè fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ yóò máa gbà lọ sílé ìwé, omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, kò sí ayálégbé tó lè tún ìyẹn ṣe. Àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ilé tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí Òṣogbo kò tó Èkó, ibi gbogbo ló sún mọ́ra

Àwọn tó ti Èkó bọ̀ ló máa ń ṣe àṣìṣe yìí jù. Wọ́n á ní, "Kí ló wà nínú Òṣogbo tí èèyàn ò lè dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Àmọ́ láti ọdún 1991 tí ìlú yìí ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ti fẹ̀ kọjá ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Ó gba inú ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ilé sì ti kún títí wọ ilẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Abẹ́rẹ̀, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ọgbà àgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, apá ibòmíràn pátápátá nínú ìlú. Bí baba bá ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́rẹ̀, tí ìyá ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀, tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé ní Òkè-Fíà, tí mọ́tò ilé sì jẹ́ ẹyọ kan, ilé tó rẹwà ní ẹ̀bá ìlú lè sọ gbogbo òwúrọ̀ wọn di ìjà. Afárá òkè wà ní Ọláìyá báyìí, ó sì ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n afárá kò ní kí ẹbí tó ń lọ síbi mẹ́ta má pẹ́.

Nítorí náà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé yóò máa lọ láàárọ̀ sílẹ̀, àti ohun tí yóò wọ̀ débẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá tọ ọ̀nà náà fúnra yín ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ má fi mọ́tò ajẹ́ńtì tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, torí títì á ṣófo, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó sún mọ́ra. Tó bá jẹ́ kòròpẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ìyàwó yín yóò máa wọ̀, òun ni kí ẹ wọ̀. Ẹ béèrè ibi tí kòròpẹ̀ máa ń dúró sí, nítorí àwọn àdúgbò tuntun wà tó jẹ́ pé láti ibùdókọ̀ títí délé, ọ̀kadà nìkan ni. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ fún èèyàn mẹ́rin lójoojúmọ́ lè gbé gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè lára ilé olówó pọ́ọ́kú. Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀kadà ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

Ẹ má ṣe wo ilé nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan

Tí mo bá ní agbára láti fi àṣìṣe kan ṣoṣo hàn gbogbo ẹbí tó ń bọ̀, èyí ni mo máa yàn. Ní oṣù kejì, gbogbo ilẹ̀ Òṣogbo ló gbẹ, gbogbo àdúgbò ló dára. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ á rọra máa ṣàn nísàlẹ̀. Ìgbà òjò ló ń sọ òtítọ́, pàápàá nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá bá bá ilẹ̀ tó ti mu omi yó tẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣun a kún, àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń gba inú ìlú wọ inú rẹ̀ náà á kún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣàn yẹn ni wọ́n ti kọ́lé há mọ́lé sétí wọn, tí wọ́n sì ti da ìdọ̀tí dí. Omi kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju inú ilé àwọn èèyàn lọ.

Ajẹ́ńtì kò ní sọ fún yín. Ògiri ni kí ẹ bi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì bóyá ẹ máa rí ìlà àbàwọ́n tó tẹ́ lọ gbọọrọ ní gíga kan náà láti ilé dé ilé. Ẹ wo bóyá wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì, bóyá àpò iyanrìn wà lẹ́nu géètì, bóyá àwọn aládùúgbò ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà wọn sókè. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan. Ẹ lọ bá ìyá alákàrà àti télọ̀ tó wà ní ìkòríta, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má sọ pé, "Ṣé omi máa ń wọ ibí?" nítorí ohun tí wọ́n á fi dá yín lóhùn ni "Rárá o, àlàáfíà la wà." Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́dún tí òjò pọ̀ jù yẹn, ibo ni omi dé?" Ẹ ó rí i pé ìdáhùn rẹ̀ á yàtọ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí ibẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà náà wà ńbẹ̀. Títì ilẹ̀ pupa tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ ní oṣù kìíní lè di ẹrẹ̀ tí ọmọ kò lè fi bàtà ilé ìwé rìn kọjá ní oṣù keje.

Ọ̀tọ̀ ni ti kàǹga. Ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ òtítọ́. Orí àpáta ni Òṣogbo wà, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wà nínú èéfọ́ àpáta àti ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì fi lè fara kan ara wọn, kí ọ̀kan ní omi jálẹ̀ ọdún, kí èkejì máa ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ ní oṣù kẹta. Bí wọ́n bá fi bóhóòlù hàn yín nínú òjò, ẹ béèrè bí ó ṣe rí kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ẹ wo bí ṣọ́kàwè ṣe jìnnà sí kàǹga, tiyín àti ti aládùúgbò tó wà lókè yín. Ọgbọ̀n mítà ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dámọ̀ràn. Ẹ̀rọ omi ìjọba tí ẹ bá rí nínú ọgbà kò túmọ̀ sí pé omi ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ tú u wò.

Ẹni tí kò bá lè wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wá nínú òjò, kí ó sì bi àwọn ìyàwó ilé àdúgbò náà nípa omi ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ni wọ́n ń pọn ọ́n.

Ẹ má ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ "iná dáa níbí"

Òótọ́ ni pé Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọ̀pá iná gbogbo Nàìjíríà wà. Àwọn kan máa ń gbọ́ èyí, wọ́n á sì rò pé iná kì í lọ. Ibùdó yẹn ń darí bí iná ṣe ń gbà káàkiri orílẹ̀-èdè, kì í ṣe òun ló ń pín in fún ilé yín. Ilé iṣẹ́ apíniná Ìbàdàn, IBEDC, ló ń ṣe ìyẹn, orí wáyà tí àdúgbò yín wà ni wọ́n sì ń wò. Ìpele wà láti A dé E, gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí wọ́n ń fún wáyà náà lójúmọ́. Àwọn tó wà ní ìpele A ni wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí ó kéré tán fún lójúmọ́, owó tiwọn sì wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, pàápàá láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fi kún un. Ojúlé méjì tí títì kan ṣoṣo là láàárín lè wà ní ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè ìpele, ẹ béèrè bóyá mítà wà, kí ẹ sì rí i dájú pé ayálégbé tó kó lọ kò fi gbèsè sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tún béèrè ìgbà tí tíránsífọ́mà bàjẹ́ kẹ́yìn, àti ẹni tó san owó àtúnṣe. Púpọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ onílé ló máa ń dá a jọ, wọn ò sì ní yọ yín sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ti ọmọ sẹ́yìn

Àwọn òbí a máa gba ilé tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé. Ó yẹ kí méjèèjì jọ rìn ni. Oṣù kẹsàn-án ni sáà ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó bá dé nígbà náà á bá àwọn tuntun bíi tirẹ̀ pàdé. Èyí tó wà ní kíláàsì àgbà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. WAEC máa ń gba máàkì iṣẹ́ kíláàsì láti ilé ìwé, ilé ìwé náà ló sì ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọmọ kúrò nígbà tó ti fẹ́ wọ ọdún kẹta, ẹ lè fi wàhálà ìwé kún wàhálà ìdánwò fún un. Ẹbí mìíràn á fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ àǹtí tàbí bọ̀ọ̀dá títí yóò fi ṣe tán. Kò burú rárá.

Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ilé ìwé náà pẹ̀lú ọmọ. Bí ó bá ní láti sọdá títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ tírélà ń gbà, ilé ìwé yẹn jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè rí i láti ojú fèrèsé.

Bí aboyún bá wà nínú ilé, tàbí ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹ wo bí ẹ ó ṣe dé ilé ìwòsàn ní òru. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Aṣùbíaró, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì sì wà ní Ìdí-Ṣẹ́kẹ́. Àárín òru tí ọ̀kadà kò sí ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yín.

Ẹ má ṣe kánjú ra ilẹ̀

Ẹni tó bá ti Èkó dé máa ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì níhìn-ín, ojú rẹ̀ á sì là. Mo bẹ̀ yín, ẹ háyà ilé fún ọdún kan ná. Ilẹ̀ kò ní sá lọ. Láàárín ọdún yẹn, ẹ ó ti rí òjò, ẹ ó ti rí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó sì ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà.

Níbi tí wọ́n ti ń darí iná, wáyà alágbára ńlá ló máa ń pàdé níbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì ni àwọn kan ń tà fún àlejò. Lábẹ́ wáyà 330kV, èèyàn kò gbọdọ̀ kọ́lé láàárín mítà 25 lọ́tùn-ún àti lósì, ti 132kV sì jẹ́ mítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, nítorí náà ìwé àdéhùn tí ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ sí nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ àti lọ́yà tí ẹ fúnra yín yàn bá yín wò ó ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ tàbí ilé náà wà pẹ̀lú. Ọ̀fàtẹ̀dó, Ìdó-Ọ̀ṣun àti Òkínní, abẹ́ Ẹgbẹ́dọrẹ ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajẹ́ńtì á máa pè wọ́n ní Òṣogbo. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ibi tó ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gba àwọn ìwé kan, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó gbé ẹjọ́ gọ́tà àti títì yín lọ.

Ẹ má ṣe dá pinnu

Baba nìkan ló máa ń wá wo ilé, ní ọ̀sán kan, kí ó tó padà síbi iṣẹ́. Òun sì ni yóò lo wákàtí tó kéré jù nínú ilé náà. Ẹ mú ìyàwó dání. Bí màmá yóò bá yín gbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti bóyá ọjà Ìgbọ̀nà tàbí Orísunm̀bárẹ́ jìnnà jù fún wọn. Ẹ padà wá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, kí ẹ gbọ́ bí ilé ọtí, ilé ìjọsìn àti àwọn aláriwo ṣe ń dún mọ́ yàrá tí ọmọ ọwọ́ yóò máa sùn.

Ẹ wá alága ẹgbẹ́ onílé lọ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ béèrè owó ọdẹ, owó títì, àti òfin géètì. Wọ́n á tún sọ fún yín bóyá ẹni tó fẹ́ gba owó yín ló ni ilé náà lóòótọ́, tàbí ilé ẹbí tí ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba risíìtì, ẹ gba ìwé àdéhùn, kí ẹ sì ya fọ́tò ògiri, páìpù àti mítà kí ẹ tó kó ẹrù wọlé. Tó bá jẹ́ àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí àyíká Ọjà Ọba ni ẹ ń lọ, ẹ má kó ẹrù ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, torí èrò tó ń bọ̀ láti gbogbo àgbáyé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù yín rí ọ̀nà gbà.