Réélì sitéńlẹ́ẹ̀sì nílé ẹ̀bá òkun

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Lẹ́kí, réélì bákónì onísitéńlẹ́ẹ̀sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oníbàárà á pè mí: "Ọ̀gá, ṣebí ẹ ní irin yìí kì í dógùn-ún?" Kì í dógùn-ún lóòótọ́, àfi tí iyọ̀ bá dé ibẹ̀. Awọ tín-ínrín tí chromium, ìyẹn irin míì tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ ọn, ń ṣe ló ń dáàbò bò ó. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun á lu awọ yẹn lójú kan, ihò á sì máa jinlẹ̀ lọ sínú bí eyín tí kòkòrò ń jẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè oríṣi sitéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 316, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní 304. Molybdenum, irin míì tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ 316, ló ń bá iyọ̀ jà. Ẹ má wulẹ̀ fi òòfà dán an wò, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀; ìwé ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ni kí ẹ gbà. Ojú ibi tí wẹ́dà jó, kó fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ búlúù tí iná fi sílẹ̀ á fi lọ, torí ibẹ̀ ni ihò ti ń yára bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án déédéé, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má gbàgbé abẹ́ rẹ̀, òjò kì í dé ibẹ̀. Ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí bílíìṣì, kò sí kànìnkànìn onírin.