Bí mo ṣe mú màámi lọ jókòó jẹ búrẹ́dì Faransé ní Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Màámi ló ni ilé búrẹ́dì tí à ń ṣe ní Iléṣà, láti kékeré ni mo sì ti ń bá wọn wọn fúláwà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì àwọn Faransé, tí èèyàn sì lè jókòó ti tábìlì jẹ ẹ́ pẹ̀lú kọfí, màámi ni mo kọ́kọ́ rò láti mú lọ. Mo fẹ́ kí ojú oníṣẹ́ wo iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè jí. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo máa sọ lọ. Baguette, ìyẹn búrẹ́dì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn, kì í ní bọ́tà tàbí òróró nínú, kì í sì í pẹ́ tó fi ń gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá yan án ló yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́. A wọ ọkọ̀ ní Iléṣà nídàájí, a gba Òṣú kọjá, a sọ̀ ní Mayfair, a sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí apá Lágéré. Kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù náà, òórùn bọ́tà ti pàdé wa lójú títì.

Ibẹ̀ kò tóbi: tábìlì mélòó kan, ẹ̀rọ kọfí, àti àpótí onígíláàsì tí wọ́n to ọjà sí. Ọmọbìnrin tó ni ín kúnlẹ̀ kí màámi. Ọmọ Kétu ni, ní orílẹ̀-èdè Benin, Kutonu ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti dé Kutonu rí á mọ̀ pé baguette kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà títí di ọdún 1960. Wọ́n lọ, búrẹ́dì wọn kò lọ. Wọ́n ń tà á létí títì níbẹ̀ bí a ṣe ń ta búrẹ́dì Àgége níhìn-ín. Bí màámi ṣe gbọ́ Kétu, inú wọn dùn. "Ilé lo wá yẹn, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "Ifẹ̀ níbí náà ni wọ́n ní àwọn baba ńlá yín ti ṣí lọ."

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, iwájú gíláàsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ó nawọ́ sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ó sanwó, ẹ ó lọ jókòó, wọn á sì gbé e wá bá yín. Ẹ béèrè èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ófùn, ẹ má tijú. Ohun tí mo béèrè nìyẹn, ó sì ní baguette ni. Mo gba baguette kan pẹ̀lú bọ́tà àti jáàmù, croissant, ìyẹn búrẹ́dì kékeré oníbọ́tà tó ní ìpele ìpele, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, pain au chocolat kan, irú rẹ̀ tó ní ṣokoléètì nínú, tí a máa pín, àti kọfí oníwàrà. Kọfí náà le díẹ̀ fún màámi, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n sì mu ún tán.

Baguette ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Màámi kò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n tẹ̀ ẹ́, èèpo rẹ̀ sì ń dún wẹrẹwẹrẹ. Wọ́n wá bù ú sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀, ojú wọn sì yí padà. "Kí ló dé tí ihò pọ̀ tó báyìí? Ṣé ẹ kì í mílì í ni?"

Ìbéèrè oníbúrẹ́dì gidi nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ti po fúláwà tán, a máa ń ti í bọ inú ẹ̀rọ mílì léraléra títí á fi jọ̀lọ̀. Inú búrẹ́dì wa máa ń dì pọ̀, á rọ̀, á ṣeé fà ya. Tí oníbàárà bá rí ihò ńlá nínú rẹ̀, á dá a padà. Ọmọbìnrin náà fa àga, ó jókòó tì wá, ó sì ṣàlàyé láìkánjú. Ó ní fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà. Yíìsì tí òun fi sí i kò pọ̀, inú òtútù ni fúláwà pípò náà sì ti máa ń sùn mọ́jú. Bí yíìsì bá ṣe rọra ń ṣiṣẹ́ ni adùn rẹ̀ ń jáde. Afẹ́fẹ́ tó kó jọ sínú rẹ̀ lóru yẹn, òun kì í tẹ̀ ẹ́ jáde. Òun ló di ihò.

Màámi bù ú sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. "Kò sí ṣúgà níbẹ̀ lóòótọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó dùn."

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí gbọ́ nìyẹn. Ìkánjú ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. A ń da yíìsì sí i kó lè tètè wú, a ń da ṣúgà sí i kó lè dùn, àwọn kan sì tún ń fi kẹ́míkà potassium bromate sí i, tí NAFDAC ti fòfin dè tipẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, òfin ọdún 1993 wà lórí búrẹ́dì tí wọ́n bá fẹ́ pè ní ti ìbílẹ̀ wọn: kò gbọdọ̀ ní kẹ́míkà àfikún, wọn kò sì gbọdọ̀ fi sínú fíríìsà kó dì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Lọ́dún 2022, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọgbọ́n ṣíṣe baguette àti àṣà tó yí i ká sínú ìwé àwọn ogún ìbílẹ̀ ọmọ aráyé. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn oníbúrẹ́dì ni wọ́n bọlá fún níbẹ̀, ó sì wú mi lórí.

Ọmọbìnrin náà mú wa lọ sẹ́yìn. Ó fi abẹ dá fúláwà pípò náà lára kó tó tì í wọlé, ófùn náà gbóná gan-an, ó sì jẹ́ kí ooru omi gbígbóná kún inú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí èèpo tètè le kí búrẹ́dì tó wú tán, òun náà ló ń mú un dán.

Croissant ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni látòkèdélẹ̀. Ọmọ Austria kan tó ń jẹ́ August Zang ló ṣí ilé búrẹ́dì irú ti Vienna, olú ìlú wọn, sí Paris ní ìparí àwọn ọdún 1830, ibẹ̀ ni àwọn Faransé ti mú irú oúnjẹ yìí ṣe tiwọn. Wọ́n á fi bọ́tà sáàárín fúláwà pípò, wọ́n á ká a sí mẹ́ta, á sinmi nínú òtútù, wọ́n á tún tẹ́ ẹ, wọ́n á tún ká a. Ìpele bọ́tà 3 á di 9, 9 á di 27. Tó bá dénú ófùn, omi inú bọ́tà á di ooru, á sì gbé àwọn ìpele náà sókè. Bọ́tà kò fẹ́ ooru Ifẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òru ni ọmọbìnrin náà ń ká a, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Mo gba tiẹ̀ rò nígbà tó sọ iye tó ń ná sórí dísù. Owó croissant kan fẹ́ẹ̀ ra búrẹ́dì kékeré kan lọ́dọ̀ wa, mo sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú pain au chocolat ni màámi ti dákẹ́. Wọ́n ti sá kòkó rí lóko bàbá wọn, wọ́n mọ òórùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sá a. "Kòkó nìyí," ni wọ́n ṣáà ń sọ, wọ́n sì jẹ ìpín tèmi mọ́ tiwọn.

A ra baguette sí i lọ sílé. Inú bébà ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ọ̀rá á mú èèpo rẹ̀ rọ̀. Tó bá gbẹ lálẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tì í bọ ófùn gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí inú ìkòkò gbígbẹ tẹ́ ẹ dé lórí iná kékeré. Àkàrà gbígbóná la fi jẹ tiwa.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni màámi po fúláwà díẹ̀ láìsí ṣúgà, wọ́n dín yíìsì kù, wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Ó pupa dáadáa, ó sì ní ihò díẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ́n iyọ̀ kún un tí a bá tún un ṣe, kí n sì jẹ́ kí ófùn gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.