Ìdánwò ìwé àṣẹ jiọ́lọ́jì: owó tí ẹ ń jù sígbó

Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sìnrúùlú tún wá bá mi níbi tí a ti ń gbẹ́ bọ́hóòlù nítòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdánwò ASBOG, ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwé àṣẹ jiọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì ti náwó kí wọ́n tó béèrè ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi káàdì NMGS ṣe ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ àwọn awakùsà àti onímọ̀ jiọ́lọ́jì Nàìjíríà lásán ni NMGS láti 1961. COMEG, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ wa, ni òfin fún lágbára láti forúkọ wa sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Èkejì, ASBOG kì í fúnni níwèé àṣẹ. Ìdánwò méjì ló ní, ti ìpìlẹ̀ àti ti iṣẹ́ ṣíṣe. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ní òfin rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń fúnni níwèé tiẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń béèrè kò dọ́gba. California tilẹ̀ ní ìdánwò tirẹ̀ tó tún lé e lórí. Ẹ mú ìpínlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta, kí orúkọ ara sátífíkéètì yín bá ti páàsípọ́ọ̀tù mu. Ó tán.

Wàyí o, past question. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi ra PDF tirẹ̀ ní Under-G, nítòsí LAUTECH. ASBOG kì í gbé ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ síta. Ìwọ̀nba àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ ló ń fi hàn. Kí wá ni wọ́n tà fún ọmọ yìí? Mo ṣí i wò. Ojú ewé kejì, èmi ni mo kọ ọ́! Ìbéèrè tí mo kọ fi dán ara mi wò lọ́jọ́sí, tí mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Kànga kan wà lórí òkè, ilẹ̀ rẹ̀ ga ní mítà 360, omi rẹ̀ wà ní mítà 12 sísàlẹ̀. Èkejì wà ní àfonífojì, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 345, omi wà ní mítà 3. Mítà 300 ló wà láàárín wọn. Báwo ni omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe dà gẹ́rẹ́ tó (hydraulic gradient), ibo ló sì ń ṣàn lọ? Mo yọ 3 kúrò nínú 12, mo fi 300 pín in, mo ní 0.03, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé omi ń ṣàn láti àfonífojì lọ sórí òkè. Èmi tí mo ń fi bọ́hóòlù jẹun! Gíga omi là ń wò, kì í ṣe jíjìn rẹ̀: 360 dín 12 jẹ́ 348, 345 dín 3 jẹ́ 342, mítà 6 ló fi jura wọn lọ, ẹ fi 300 pín in, ìdáhùn jẹ́ 0.02, omi sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi gbogbo. Irú ìbéèrè yìí gan-an ló gbé mi ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Ìdáhùn tó gbé mi ṣubú ni wọ́n ń tà fún yín.

Ẹ̀karùn-ún àbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ iye mọ́: ẹ gbé kọ́ńpáàsì jáde. Òkúta kún Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ wọn strike (ìhà tí ìpele òkúta nà sí) àti dip (bó ṣe dà gẹ́rẹ́ tó) títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Mo parí ìbínú mi, mo mumi. Ẹni tó ra PDF náà wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ wá tún ṣe yẹn, èló lẹ ń tà á?"